Ọ̀rọ̀ Tí Coach Gbàgbé

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan ọ̀sán lù, fóònù Asiyah dún nínú àpò aṣọ nọ́ọ̀sì tó wọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń pè. Asiyah jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù kó tó gbé e, nítorí Surajudeen kì í pè é lẹ́nu iṣẹ́ àfi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

"Asiyah," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó fẹ́ ṣe àwàdà, "ọ̀nà wo la máa ń gbà dé mọ́ṣáláṣí?"

Asiyah rẹ́rìn-ín. "Mọ́ṣáláṣí wo, Daddy Salimat?"

"Tiwa ni. Mo wà níbi iná ojú títì kan báyìí. Ilé epo wà lápá ọ̀tún mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí n yà ni àbí kí n máa lọ tààrà."

Ẹ̀rín kú sí Asiyah lẹ́nu. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti ń kírun ní mọ́ṣáláṣí yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti so yìgì wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ Salimat ọmọ wọn lórúkọ. Ilé epo tí Surajudeen ń wí yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ra epo níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ẹ yà sápá òsì," Asiyah wí. "Ẹ máa rí ògiri funfun."

Surajudeen dúpẹ́ bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí tó júwe ọ̀nà fún un, ó sì pa fóònù. Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ ìdíje ló kún òun lórí, pé bó ṣe máa ń rí fún òun nìyẹn tí òun bá ń ro eré. Asiyah gbà á gbọ́, nítorí ó wù ú láti gbà á gbọ́.

Kò sí ẹni tó ti pẹ́ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá Atlanta tí kò mọ Surajudeen Oyèwùmí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kó wọn wá láti Ìsẹ́yìn sí Smyrna, lẹ́bàá Atlanta. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló mọ̀ ọ́n gbá tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀, kò sì pẹ́ tí tíṣà kan fi fà á sínú bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n ń dé akoto sí lórí, tí wọ́n sì ń fi ara kọlu ara bí àgbò. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú eré náà ni pé kó sáré títí tí yóò fi já gbogbo èèyàn sílẹ̀, kó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó fò sókè, kó sì já bọ́ọ̀lù gbà lófuurufú. Ẹni tó ń jù ú fún un ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni Eli Bámgbóyè, ọmọ pásítọ̀ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́. Yorùbá làwọn méjèèjì fi ń pe àṣírí ara wọn lórí pápá. Tí Eli bá pariwo pé "Àdàbà," bọ́ọ̀lù náà ò ní jìnnà nìyẹn. Tó bá ti ní "Àṣá," kí Surajudeen máa fò lọ títí dé òpin pápá ni. Àwọn alátakò á dúró, wọ́n á máa wojú ara wọn. Àwọn ìyá tí kò mọ òfin eré náà rárá a máa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé torí àwọn ọmọ méjì yẹn.

Surajudeen fi ọdún méje gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sanwó fún, kí orúnkún rẹ̀ tó ní ó tó. Lẹ́yìn náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní gúúsù Atlanta, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í borí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, ní kó wá ṣe Coach, kó máa kọ́ àwọn ọmọ àwọn ní eré náà. Ní ọdún kẹta tó débẹ̀, wọ́n gba ife. Ní ọdún karùn-ún, wọ́n tún gbà á. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ gàgàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, àwọn òbí ọmọ Nàìjíríà sì ń mú ọmọ wọn wá bá a, pé kó bá àwọn fi ojú sí i.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n kọlu orí rẹ̀ láàárín gbogbo ọdún yẹn? Kò sẹ́ni tó kà á. Òun alára máa ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín pé nígbà kan òun dìde láti ilẹ̀, òun rìn lọ jókòó láàárín àwọn alátakò, òun sì ní kí wọ́n fún òun lómi. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Asiyah náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Asiyah bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Surajudeen jágbe mọ́ Salimat nítorí pé ọmọ náà tan iná ilé ìdáná, ó ní ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Surajudeen kì í jágbe mọ́ ọmọ. Ní ọjọ́ mìíràn, ó jókòó sínú ọkọ̀ nínú gáréèjì fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó di ìdarí ọkọ̀ mú bíi pé ó ń wà á, nígbà tí Asiyah sì kan fèrèsé, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó ṣí i.

Ọjọ́ tí ara Asiyah bù máṣọ ni ọjọ́ tó ń fọṣọ. Ó ń tú àpò ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ wò kó tó kó wọn sínú ẹ̀rọ, ó sì bá ìwé pélébé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ìkọ̀wé Surajudeen ló wà níbẹ̀: "Jáde ní exit kẹta. Yà sí òsì níbi báńkì. Ilé kẹrin. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé."

Ilé wọn ló ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé.

Asiyah dúró síwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ náà, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ká ìwé náà padà bó ṣe bá a, ó sì lọ fi í sínú àpò ṣòkòtò tí ọkọ rẹ̀ máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìyàwó Eli, Hephzibah, ló pe Asiyah ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ìlú Conyers, ní ìlà oòrùn Atlanta, ni wọ́n ń gbé, ibi tí Eli ti ń ṣe ọ̀gá ní ilé ìkẹ́rùsí kan kí ara rẹ̀ tó kọ iṣẹ́. Surajudeen kò dé ọ̀dọ̀ wọn láti bí ọdún méjì. Gbogbo ìgbà tí Asiyah bá rán an létí, á ní òun ò ráyè.

"Mummy Salimat, mi ò pè yín fún ẹjọ́," Hephzibah wí. "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Coach. Ṣùgbọ́n Eli ń pe orúkọ kan láti ọjọ́ mẹ́ta, ó jọ pé orúkọ ọkọ yín ni. Tí ẹ bá lè mú un wá kí n rí i bóyá ó máa mọ̀ ọ́n."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ. Ohun tí Asiyah kọ́kọ́ rí ni àgádágodo tó wà lókè ilẹ̀kùn, níbi tí èèyàn ò ti ní ronú láti wò. Hephzibah so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Eli jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti rù débi pé ọrùn rẹ̀ ń mì nínú kọ́là ẹ̀wù. Nígbà tí Surajudeen kí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, sà," gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ṣe ń kí àlejò bàbá rẹ̀.

Surajudeen kò lè jókòó. Ó ń rìn káàkiri pálọ̀, ó ń fọwọ́ kan àwòrán, títí tó fi rí bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan lábẹ́ tábìlì. Bó ṣe mú un jáde ni ojú Eli yí padà. Ó na ọwọ́ gbà á. Àwọn ìka rẹ̀ fúnra wọn wá ojú rírán ara bọ́ọ̀lù náà rí. Ó dìde, ó mú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé pọ̀n, kò sì sí ẹni tó ní kó má lọ.

Nígbà tí wọ́n dé orí koríko, Eli tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

"Àṣá," ló wí. Ohùn náà le, ohùn ọ̀dọ́kùnrin ni.

Surajudeen sáré. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, tó ń tiro tí òtútù bá mú, ó sáré bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà kọjá lórí Asiyah, ó ń yí, ó sì lọ bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀ létí ọgbà láìsí ariwo kankan. Hephzibah, tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ṣùgbọ́n Surajudeen kò yíjú padà. Ó dúró síbẹ̀, ó kọ ojú sí ilé aládùúgbò, bọ́ọ̀lù wà láyà rẹ̀. Eli ti gbàgbé wọn, ó ti padà wọlé. Asiyah dúró títí tí ara rẹ̀ ò fi gbà á mọ́, ó sì lọ bá a. Òógùn bo ojú ọkọ rẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ojú ti òun:

"Asiyah, ilé ta nìyí?"

Nígbà tí wọ́n mú un wọlé, tó mu omi, tí ojú rẹ̀ sì walẹ̀, Hephzibah fa Asiyah lọ sí ilé ìdáná. Kò béèrè nǹkan kan tó yàtọ̀ sí: "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Asiyah fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀. "Oṣù kẹsàn-án," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀nà ni ti Eli fi bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọnù láti ibí sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbínú." Hephzibah ń fi aṣọ nu tábìlì tí kò dọ̀tí. "Dókítà ní àwọn ìkọlù tó gbà ní orí ni, gbogbo ọdún yẹn. Wọ́n ní àwọn ò lè sọ pé bó ṣe jẹ́ gan-an nìyẹn àfi tó bá kú, tí wọ́n bá yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Mo wá bi wọ́n pé èwo ni kí n wá ṣe títí dìgbà náà."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n fún mi ní ìwé pélébé kan láti máa kà."

Asiyah ló wa ọkọ̀ padà sílé. Wọ́n ti rìn jìnnà lórí ọ̀nà márosẹ̀ I-20.

"Mo mọ̀," Surajudeen wí. "Má rò pé mi ò mọ̀. Ó ku eré mẹ́ta. Tí eré mẹ́ta yìí bá ti parí, mo máa lọ bá dókítà tí o bá fẹ́."

"Lọ́la ni mo fẹ́."

"Asiyah. Tí wọ́n bá gbọ́ fìn-ín báyìí, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Àwọn ọmọ márùn-ún wà lọ́wọ́ mi tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá fẹ́ wá wò. Ta ló máa dúró tì wọ́n? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Má sọ fún Salimat pàápàá."

Nọ́ọ̀sì ni Asiyah. Ká ní ọkọ obìnrin mìíràn ni, ó mọ ohun tó máa sọ fún obìnrin náà. Ṣùgbọ́n Surajudeen gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, kò sì tíì bẹ̀ ẹ́ báyìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn. Asiyah búra fún un.

Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìbùkúnolúwa wá sílé wọn. Ọmọ ogún ọdún ni, òun ló ń já bọ́ọ̀lù gbà jù nínú ẹgbẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí Surajudeen ṣe ń ṣe nígbà tirẹ̀. Ìyá rẹ̀, Kíkẹ́lọmọ, opó ni, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Fayetteville. Ọjọ́ tó mú ọmọ náà wá bá Surajudeen, ó ní, "Coach, òun nìkan ni mo ní." Surajudeen sì dá a lóhùn pé, "Bí ọmọ tèmi ló ṣe máa rí."

Ọmọ náà jẹ ìrẹsì díẹ̀, ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Asiyah wà ní ilé ìdáná, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀.

"Coach, láti Tuesday, orí ń fọ́ mi," Ìbùkúnolúwa wí. Yorùbá rẹ̀ ní ohùn òyìnbó nínú, bíi tàwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. "Wọ́n kọlù mí ní practice. Mo bì. Bọ́ọ̀lù kan ló ń bọ̀, mo ń rí méjì."

"O ti sọ fún dókítà?"

"No, sir. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń bọ̀ on Saturday. Mo ń bẹ̀rù. Mummy ò mọ̀."

Surajudeen fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ já gaara, ohùn Surajudeen tí Asiyah fẹ́.

"O ṣe dáadáa tí o sọ fún mi. Gbọ́. O ò ní gbá ti Sátidé. Mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Conyers, mo sì rí ohun tí orí fífọ́ lè dà. Láàárọ̀ ọ̀la, mo máa bá dókítà sọ ọ́. Ìwọ má sọ nǹkan kan, kí wọ́n má baà rò pé o fẹ́ sá fún eré. Jẹ́ kí n jẹ́ ẹni tó máa sọ ọ́."

Èjìká ọmọ náà wálẹ̀. Asiyah, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ nínú omi ọṣẹ, dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́kàn rẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà má tíì jìnnà, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ òun ṣì lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀sán Sátidé mọ́lẹ̀ kedere, ìkùukùu kankan ò sí lójú ọ̀run. Asiyah jókòó ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹbí, Kíkẹ́lọmọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ sí. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ wọn. Wọ́n pe ti Ìbùkúnolúwa. Ó sáré jáde, akoto wà lórí rẹ̀.

Asiyah na ọrùn kó lè rí i dáadáa.

"Wọ́n ní kó máa gbá?" ló béèrè.

Kíkẹ́lọmọ yíjú sí i. "Kí ló dé tí kò ní gbá?"

Asiyah yíjú padà sí pápá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti yá. Ó wo ọkọ rẹ̀ létí pápá, tó ń rìn bọ̀, tó ń rìn lọ, tó ń nawọ́, gbogbo èèyàn ń tẹ̀ lé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá nà sí. Ó pe fóònù rẹ̀. Fóònù náà ń dún nínú ọ́fíìsì tí kò séèyàn. Ó ronú nípa ìbúra tó ṣe nínú ọkọ̀. Tó bá sọ̀kalẹ̀ lọ béèrè, kí ló máa ní ó jẹ́ kóun béèrè?

Ìbùkúnolúwa já bọ́ọ̀lù méjì gbà. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n hó. Asiyah jókòó. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ náà lọ dúró sí apá tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fà á lápá padà. Ó mi orí bí ajá tí omi wọ̀ létí, ó sì gbé ọwọ́ lé iwájú akoto rẹ̀. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

"Mummy Ìbùkún, ẹ dìde," Asiyah wí. "Ẹ tẹ̀ lé mi."

Wọ́n wà láàárín àtẹ̀gùn nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Ìró orí tó kọlu orí kì í jọ ìró mìíràn; ó máa ń gbẹ, bí ìgbà tí igi bá ṣẹ́. Ọmọ náà wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ti ara rẹ̀ dìde, ó juwọ́ sí àwọn èrò pé kò séwu, ó sì ń rìn padà sí ipò rẹ̀. Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pápá na ọwọ́ dí wọn lọ́nà. "Ọmọ mi nìyẹn," Kíkẹ́lọmọ wí. Kò pariwo. Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó sì yẹra.

Dókítà ẹgbẹ́ náà, obìnrin òyìnbó kan tó ti darúgbó díẹ̀, gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta péré lẹ́nu Asiyah, ó sì gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dá eré dúró. Ó mú Ìbùkúnolúwa jókòó, ó ń fi iná wo ojú rẹ̀. Surajudeen sáré wá, inú bí i.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?"

Dókítà bi í léèrè bóyá ọmọ náà sọ fún un lọ́jọ́rú pé orí ń fọ́ òun, pé òun ń rí nǹkan méjì méjì.

"Rárá," Surajudeen wí.

Ó wo obìnrin náà lójú kòrókòró. Kò parọ́. Ohun tó dẹ́rù ba Asiyah jù nìyẹn, pé kò parọ́.

"Coach, mo sọ fún yín," Ìbùkúnolúwa wí. Ohùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. "Nínú ilé yín. Mo jẹ rice. Lónìí náà mo bi yín, are you sure, ẹ ní ṣé mo ń bẹ̀rù ni."

"Ìwọ? Nínú ilé mi?" Surajudeen wò ó bíi pé ó fẹ́ rí ohun tí ọmọ náà fẹ́ fi irọ́ yìí gbà. Àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ti péjọ. Kíkẹ́lọmọ ń wo ọmọ rẹ̀, ó sì ń wo ọkùnrin tó fà á lé lọ́wọ́. Surajudeen wá rí Asiyah, ojú rẹ̀ sì tújú ká, bí ojú ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ dé.

"Asiyah, sọ fún wọn."

Asiyah rí i pé ó gbẹ́kẹ̀ lé òun pátápátá. Ogún ọdún dín ọ̀kan tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì sí ìgbà kan tí òun dójú tì í níta.

"Ó sọ fún yín, Daddy Salimat," ló wí. "Mo gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ẹ ní ẹ máa bá dókítà sọ ọ́. Ẹ ti gbàgbé ni."

Ó yíjú sí dókítà, ó sì sọ ìyókù fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì, níwájú gbogbo wọn: mọ́ṣáláṣí, ọ̀nà ilé, ìmọ́lẹ̀, ẹ̀yìnkùlé Eli. Surajudeen kò dá a lẹ́kun. Ó ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ẹlòmíràn. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ọkọ rẹ̀ bọ́ ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kúrò létí, ó gbé e lé ọwọ́ olùrànlọ́wọ́ tó sún mọ́ ọn jù, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ. Kò tún wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Asiyah wà.

Ẹ̀jẹ̀ ti ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú orí Ìbùkúnolúwa. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà. Dókítà tó ṣe é ní ká ní ó gba ìkọlù kan ṣoṣo sí i, òun ì bá má rí nǹkan ṣe. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, Asiyah fẹ́ di Kíkẹ́lọmọ lọ́wọ́ mú. Obìnrin náà fà á padà.

"Nígbà tí ẹ bi mí pé ṣé wọ́n ní kó máa gbá," Kíkẹ́lọmọ wí, "ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn?"

Asiyah lè sọ pé òun rò pé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe gbogbo òótọ́.

"Mo ti mọ̀," ló wí.

Kíkẹ́lọmọ mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò tíì gbé fóònù Asiyah.

Surajudeen kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Wọ́n sọ àwòrán rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n sì gbé ti ẹlòmíràn sí i. Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi bá Asiyah sọ̀rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọjọ́ kejìlá, ó wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó mú òun lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n yẹ orí rẹ̀ wò títí, wọ́n sì sọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún Hephzibah. Wọ́n fún Asiyah náà ní ìwé pélébé kan. Asiyah dín iṣẹ́ rẹ̀ kù sí shift méjì lọ́sẹ̀. Salimat, tó ń múra àtilọ kàwé ní ìlú mìíràn, ní òun ò lọ mọ́, òun á wá ilé ìwé nítòsí. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Nínú oṣù kejì ọdún tuntun, láìròtẹ́lẹ̀, Ìbùkúnolúwa wá kí wọn. Irun ti ń hù padà lójú àpá tó wà lórí rẹ̀. Ó ń rọra sọ̀rọ̀, ó máa ń dúró wá ọ̀rọ̀ kó tó rí i, ṣùgbọ́n ó ti padà sí kíláàsì, ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń bọ̀.

Ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ tó dára fún Surajudeen. Ó pe ọmọ náà lórúkọ kó tó jókòó. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. O gbé ọ̀rọ̀ rẹ lé mi lọ́wọ́, mo sì sọ ọ́ nù." Ìbùkúnolúwa ní, "Coach, ara yín ò yá ni," omi sì lé sí ojú àwọn méjèèjì. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ eré, ìdíje àtijọ́, ọ̀nà tí èèyàn ń gbà tan ẹni tó ń lé e bọ̀. Surajudeen dìde láàárín pálọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ hàn án, ó ń rẹ́rìn-ín. Wákàtí méjì ni wọ́n lò. Asiyah jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò dá sí i, ó ń gbádùn ohùn wọn.

Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, Surajudeen dúró lẹ́nu fèrèsé títí tí ọkọ̀ rẹ̀ fi yà kúrò ní àdúgbò. Ó mí kanlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn bó ṣe máa ń ṣe tó bá ti rí ohun tó ń wá.

"Ọmọ dáadáa lọmọ yẹn," ló wí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Mo máa fi í síwájú ní Sátidé."

Asiyah kó àwo tó wà lórí tábìlì jọ.

"Sátidé ti kọjá, Daddy Salimat."

"Rárá," ọkọ rẹ̀ wí pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọ kékeré. "Èyí tó ń bọ̀ ni mò ń sọ."